Orúkọ Tí Ó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ojú Irin: Ìtàn Ìlú Marree ní Aṣálẹ̀ Ọsirélíà

1. Ìfáárà

 

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìlú kékeré kan tí ó wà láàrin aṣálẹ̀ Ọsirélíà, ìlú tí ojú irin dá sílẹ̀, tí ojú irin sì tún fi sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé orúkọ kì í ṣe ariwo ẹnu lásán. Inú orúkọ ni a ti ń mọ ipò tí ilé wà nígbà tí a bí ọmọ, ẹni tí ó wà nílé, ẹni tí ó ti lọ, ohun tí a ń retí àti ohun tí a ń bẹ̀rù. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ìlú. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ í kà yóò rí i pé ìtàn gígùn ni a ká pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Marree ni orúkọ ìlú tí mo ń wí. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Gúúsù Ọsirélíà, ó sì lé ní 600 kìlómítà sí àríwá Adelaide tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà eléruku méjì tí òkìkí wọn kàn ti pínyà: ọ̀kan kọjú sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ó ń lọ sí Birdsville, èkejì kọjú sí ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, ó ń lọ sí Oodnadatta. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lónìí kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ lè bi mí pé kí ni a fẹ́ fi ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìdáhùn mi kò pọ̀: ẹní rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí ó fara sin ní ìlú ńlá a máa hàn gedegbe ní ìlú kékeré, nítorí pé kò sí èrò níbẹ̀ tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Kókó tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé ni èyí. Ojú irin ni ó sọ Marree di ìlú, ojú irin kan náà ni ó sì pín in sí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú irin kógbá sílé, orúkọ àwọn tí a fi sí òdìkejì rẹ̀ ni ó wá leke. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ tọpa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

2. Ilẹ̀ gbígbẹ, omi abẹ́ ilẹ̀

Kò sí bí a ṣe lè lóye Marree bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ìtàn omi rẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ láàrin ọdún kan kò tó 200 mìlímítà, bẹ́ẹ̀ ni ti Ìbàdàn ń lọ sókè ju 1,200 lọ. Nígbà ooru tiwọn, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, ìwọ̀n ooru a máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Àwọn odò tí a rí nínú àwòrán ilẹ̀ kì í ṣe odò tí ń ṣàn lójoojúmọ́. Ipa odò lásán ni wọ́n, tí omi lè má gba ibẹ̀ kọjá fún ọdún pípẹ́.

Ṣùgbọ́n omi wà lábẹ́ ilẹ̀. Agbami omi kan tí wọ́n ń pè ní Great Artesian Basin tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ ohun tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ Ọsirélíà. Òjò tí ó rọ̀ sí àwọn òkè ìhà ìlà-oòrùn láti ayébáyé ni ó wọnú àpáta, tí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn. Ní etí agbami yìí, níbi tí àpáta ti sán, omi náà ń sun jáde. Iyọ̀ àti erùpẹ̀ tí omi gbé wá ń gbára jọ títí wọ́n fi di òkìtì, tí omi sì ń yọ ní ṣóńṣó orí òkìtì náà. Àwọn ìsun bẹ́ẹ̀ tò tẹ̀léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, láti itòsí Marree lọ sí ìhà Oodnadatta.

Àwọn onílẹ̀ mọ èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn Arabana ni wọ́n ni ilẹ̀ ìhà Marree àti adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Kati Thanda. Àwọn Dieri wà ní ìhà ìlà-oòrùn wọn. Lọ́dọ̀ wọn, ìsun omi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn, ìtàn kọ̀ọ̀kan ní orin. Ìtàn náà ni àwòrán ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti mọ bí ènìyàn ṣe lè rìn láti orí omi kan dé orí omi mìíràn láìkú sọ́nà. Àwa tí a ní oríkì orílẹ̀, tí a mọ̀ pé ọ̀nà tí ìran kan gbà dé ibùdó rẹ̀ lè wà nínú oríkì, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti gbà.

Ní 1859, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ń jẹ́ John McDouall Stuart ń wá ọ̀nà gba àárín ilẹ̀ náà kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a rìn ni David Herrgott, ọmọ Jámánì tí ó mọ̀ nípa ewéko, tí ó sì mọ àwòrán yà. Òun ni ó rí àwọn ìsun omi kan, Stuart sì fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n: Hergott Springs. Kódà kò kọ orúkọ náà pé. R méjì ni ó wà nínú orúkọ ọkùnrin náà, r kan ṣoṣo ni ó dé inú ìwé. Báyìí ni ibi tí ó ti ní orúkọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣe gba orúkọ tuntun, àṣìkọ sì wà nínú orúkọ tuntun náà.

3. Wáyà àti ojú irin

Ọ̀nà tí Stuart là ni òpó wáyà tẹ̀ lé. Láàrin 1870 sí 1872, ìjọba Gúúsù Ọsirélíà ri òpó láti Port Augusta ní gúúsù títí dé Darwin ní etí òkun àríwá, nǹkan bí 3,000 kìlómítà. Níbẹ̀ ni wáyà náà ti pàdé èyí tí ó gba abẹ́ òkun wá, tí ọ̀rọ̀ tí ó máa ń gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn wáyà ni ojú irin. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Port Augusta ní 1878. Ìdí tí ó fi gba ọ̀nà tí ó gbà kò fara sin: ọkọ̀ tí ń fi ooru omi rìn kò lè ṣe láìsí omi, ibi tí omi sì wà ni ibi tí àwọn ìsun wà. Nítorí náà, ipa ẹsẹ̀ àwọn onílẹ̀ ni Stuart tọ̀, ipa Stuart ni wáyà tọ̀, ipa wáyà ni ojú irin tọ̀. Ẹni tí ó wá gbẹ̀yìn ni ó gba òkìkí.

Ìrètí pọ̀ ní àkókò náà. Òjò rọ̀ dáadáa fún ọdún mélòó kan, àwọn ènìyàn sì gbà pé bí àgbẹ̀ bá ti túlẹ̀, òjò yóò tẹ̀ lé e. Ìlú kan wà ní gúúsù Marree tí ojú irin dé ní 1882. Government Gums ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa á dà sí Farina, ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tí ó túmọ̀ sí ìyẹ̀fun, nítorí pé wọ́n rò pé oko àlìkámà yóò bo gbogbo àyíká ibẹ̀. Ọ̀dá dé, àlìkámà kò ṣe, ìlú náà di ahoro. Àlàpà ògiri òkúta ni ó kù níbẹ̀ títí di òní. A kì í bínú sí orúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn orúkọ a máa fi ẹni tí ó sọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní 1884 ni ojú irin wọ Hergott Springs, ó sì jẹ́ òpin ọ̀nà fún ọdún mélòó kan kí ó tó tẹ̀síwájú dé Oodnadatta ní 1891. Ó wá gbà á tó ọdún méjìdínlógójì kí ó tó dé Alice Springs ní 1929. Ilé ìtura olókè kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní 1883 ti ń retí ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Lẹ́yìn náà ni ilé ìtajà, àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ìwé àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tẹ̀ lé e. Màlúù tí àwọn darandaran kó láti ìhà Queensland gba ọ̀nà Birdsville wá, tí wọ́n rìn ju 500 kìlómítà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Adelaide.

Ìbú ojú irin yìí kò tóbi: 1,067 mìlímítà péré ni. Mo dárúkọ iye yìí nítorí pé kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìbú kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ojú irin wa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ìdí kan náà ni ó fà á: irin tóóró kò náni lówó púpọ̀, ó sì ṣeé yára tẹ́ sí ilẹ̀ tí ìjọba kò ì tíì mọ èrè tí yóò rí níbẹ̀.

4. Àwọn oníràkúnmí

Ojú irin ní òpin, ṣùgbọ́n ẹrù kò mọ òpin. Láti Marree lọ, àwọn oko ẹran wà káàkiri aṣálẹ̀ tí wọ́n ń retí ìyẹ̀fun, tíì, ṣúgà, páànù àti wáyà ìsọgbà, tí wọ́n sì ní irun àgùntàn láti fi ránṣẹ́. Ẹṣin kò lè rin ìrìn náà ní ìgbà ọ̀dá. Ràkúnmí ni ó lè rìn ín.

Ní 1866 ni oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Thomas Elder fi ọkọ̀ òkun kó ràkúnmí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ Port Augusta láti Karachi, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n mọ ìtọ́jú wọn. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí 1920, ó kéré tán 2,000 oníràkúnmí ni ó wọ Ọsirélíà. "Afghan" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, tí ẹnu sì gé kúrú sí "Ghan". Ṣùgbọ́n kì í ṣe Afghanistan nìkan ni wọ́n ti wá. Àwọn kan wá láti Baluchistan, àwọn mìíràn láti Punjab, Sindh, Kashmir àti Rajasthan. Èdè wọn pọ̀, ìran wọn yàtọ̀, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn pọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tí a fi bo gbogbo wọn jẹ́ orúkọ tí àjèjì sọ wọ́n, bí ẹni tí kò mọ Ẹ̀gbá yàtọ̀ sí Ìjẹ̀bú ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kan pe gbogbo wa.

Akọ ràkúnmí tí ó lágbára lè ru 400 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè rìn fún ọjọ́ púpọ̀ láìmu omi. Ọ̀wọ́ kan lè tó àádọ́rin ràkúnmí, tí a so okùn imú ẹ̀yìn mọ́ gàárì ti iwájú. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni wọ́n ru òpó, irin àti oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ wáyà àti ti ojú irin. Lọ́nà kan, a lè sọ pé ràkúnmí ni ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ pọn ojú irin tí ó padà wá gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnì kan nínú wọn. Dervish Bejah jẹ́ ọmọ Baluchistan, ó sì ti ṣe iṣẹ́ ológun lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà kí ó tó dé Ọsirélíà. Ní 1896, ó bá Lawrence Wells rin ìrìn-àjò ìwádìí gba aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn. Òùngbẹ pa méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ. Bejah ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dé ojú àmì débi pé Wells fi orúkọ rẹ̀ pe òkè kan, ó sì fún un ní kọ́ńpáàsì tirẹ̀ lọ́rẹ. Marree ni Bejah fi ṣe ibùgbé títí di ọjọ́ ogbó, ó sì kú ní 1957. Ní 1939, nígbà tí Cecil Madigan la aṣálẹ̀ Simpson kọjá, ọmọ Bejah wà lára àwọn tí ó kó ràkúnmí rẹ̀. Bí ọmọ ẹni bá lè rìn níbi tí baba ẹni rìn dé, tí ó sì tún kọjá ibẹ̀, a ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn.

5. Ẹ̀gbẹ́ méjì ojú irin

Nínú ìlú Marree, ojú irin di ààlà. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni ilé ìtura wà, àti ilé ìtajà, àti ilé àwọn òyìnbó. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni àwọn oníràkúnmí kọ́ ilé páànù àti amọ̀ sí, pẹ̀lú ọgbà ràkúnmí wọn. "Ghantown" ni wọ́n ń pè é. Àwọn onílẹ̀ gan-an, tí ìlú jẹ́ ti baba wọn, ẹ̀gbẹ́ kejì náà ni wọ́n wà. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ àti ẹni tí ó ru ẹrù wá sórí ilẹ̀ jọ wà lẹ́yìn ààlà.

Ní àwọn ọdún 1880 ni àwọn oníràkúnmí kọ́ mọ́ṣáláṣí wọn síbẹ̀: igi, amọ̀ àti koríko ni wọ́n fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ìkúdù kékeré níwájú rẹ̀ fún àlùwàlá. Ó wà lára àwọn mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ ní gbogbo Ọsirélíà, kí a tó kọ́ èyí tí ó wà ní Adelaide ní 1888 sí 1889. Wọ́n gbin igi dàbínù, nítorí pé ọkàn ẹni tí ó wà ní àjò a máa fẹ́ ohun tí yóò jọ ilé lójú. Àwọn tí kò lè kó ìyàwó wọn wá fẹ́ ìyàwó láàrin àwọn onílẹ̀, àwọn díẹ̀ sì fẹ́ obìnrin òyìnbó. Ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn wà ní ìhà ibẹ̀ títí di òní.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ sọ àjò di ilé ń kọ́? Òfin kò gbà fún wọn. Ní 1901, ọdún tí àwọn ìpínlẹ̀ Ọsirélíà di orílẹ̀-èdè kan, wọ́n ṣe òfin tí ó dènà ìwọlé àwọn tí kì í ṣe òyìnbó. Ní 1903, wọ́n ṣe òmíràn tí ó sọ pé ọmọ ilẹ̀ Éṣíà, Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Pásífíìkì kò lè bèèrè fún ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ Áfíríkà wà nínú òfin yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a kó ràkúnmí lọ sí Marree, ẹ̀gbẹ́ kejì ojú irin ni àwa náà ìbá wà.

6. Ìgbà tí orúkọ yí padà

Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń jà, ìbínú sí Jámánì dé ojú àwòrán ilẹ̀. Ìjọba Gúúsù Ọsirélíà ṣe òfin ní 1917, wọ́n sì pa orúkọ Jámánì mọ́kàndínláàádọ́rin rẹ́. Láti 1918, Hergott Springs di Marree lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ èdè onílẹ̀ ni Marree. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ibi tí ẹran kékeré orí igi kan pọ̀ sí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: kì í ṣe ìfẹ́ tí wọ́n ní sí àwọn onílẹ̀ ni ó mú kí wọ́n dá orúkọ onílẹ̀ padà, ìkórìíra ẹlòmíràn ni. Síbẹ̀, orúkọ náà padà wá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ ọkọ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin tí ń gba Marree kọjá lọ sí àríwá ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní "Ghan". Oríṣiríṣi ìtàn ni wọ́n ń sọ nípa bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní èrò ọkọ̀ kan tí ó jẹ́ oníràkúnmí sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Quorn láti kírun ní ìrọ̀lẹ́, ni ẹnì kan bá fi ṣe àwàdà. Àwọn mìíràn ní yẹ̀yẹ́ ni, nítorí pé ọkọ̀ náà lọ́ra bí ràkúnmí. Èyí ó wù kí ó jẹ́, àwàdà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwàdà náà sì lè ju ìwé ìjọba lọ.

Ó sì jẹ́ òtítọ́ pé ọkọ̀ náà lọ́ra. Ìkán ń jẹ igi tí irin sùn lé. Iyanrìn ń bo ọ̀nà. Odò tí ó ti gbẹ láti ọdún pípẹ́ lè kún lójijì kí ó sì gbé afárá lọ, tí èrò ọkọ̀ yóò fi wà lójú kan fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá wọ Ghan mọ ọjọ́ tí òun gbéra, kò mọ ọjọ́ tí òun yóò dé.

Láàrin àkókò yìí, ọkọ̀ akẹ́rù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ràkúnmí. Ní 1925, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó fi àyè sílẹ̀ láti pa ràkúnmí tí kò ní àmì ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníràkúnmí kò ní ọkàn láti pa ẹran tí ó bọ́ wọn. Wọ́n tú u sílẹ̀ sínú igbó. Àwọn ọmọ ràkúnmí wọ̀nyẹn pọ̀ ní aṣálẹ̀ Ọsirélíà lónìí débi pé ìjọba ń wá ọ̀nà láti dín wọn kù.

7. Láti irin tóóró sí ìparọ́rọ́

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn awakọ̀ akẹ́rù ni Tom Kruse, tí ó gbé ayé láti 1914 sí 2011. Láti 1936 ni ó ti ń kó lẹ́tà àti ẹrù láti Marree lọ sí Birdsville, ọ̀nà 517 kìlómítà tí ó gba orí òkè iyanrìn àti àgbàrá. Fíìmù tí John Heyer ṣe nípa rẹ̀ ní 1954, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Back of Beyond, gba ẹ̀bùn ńlá ní Venice. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé fíìmù yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Marree.

Ní 1957, wọ́n tẹ́ ojú irin tuntun tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1,435 mìlímítà láti gúúsù dé Marree. Irin tóóró àtijọ́ sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láti ibẹ̀ sí àríwá. Nítorí náà, gbogbo èrò ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Marree kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀. Gbogbo ẹrù ni a ní láti já kí a tún dì. Ohun tí ó jẹ́ ìnira fún arìnrìn-àjò di iṣẹ́ àti owó fún ìlú. Ìgbà náà ni ọwọ́ Marree dí jù.

Ṣùgbọ́n ní 1980, wọ́n ṣí ojú irin mìíràn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti Tarcoola lọ sí Alice Springs, níbi tí àgbàrá kò ti ní í yọ ọ́ lẹ́nu. Ghan bá ọ̀nà tuntun lọ. Wọ́n tú ọ̀pọ̀ nínú irin àtijọ́, kò sì pẹ́ láàrin àwọn ọdún 1980 náà tí ọkọ̀ láti gúúsù pẹ̀lú fi dẹ́kun wíwá sí Marree. Ìlú tí ojú irin bí di ọmọ òrukàn. Ghan ní tirẹ̀ tẹ̀síwájú dé Darwin ní 2004. Lónìí, ọkọ̀ ìgbádùn ni fún àwọn tí ó lówó lọ́wọ́, àmì tí ó sì wà lára rẹ̀ ni ti ràkúnmí àti ẹni tí ó gùn ún.

8. Ohun tí ó yẹ ní wíwò

Ẹni tí ó bá dé Marree lónìí kò ní í ṣàì rí ohun wò. Ilé ìtura 1883 ṣì dúró, ó sì ń gba àlejò. Ní ibùdókọ̀ àtijọ́, àwọn ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì tí ń fa Ghan nígbà náà wà lójú kan nínú oòrùn lórí irin tí kò lọ síbì kan mọ́. Ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwòṣe mọ́ṣáláṣí àwọn oníràkúnmí sí, pẹ̀lú igi àti koríko bíi ti ìjelòó. Ní itẹ́ òkú, a lè rí ibi tí wọ́n sin àwọn Mùsùlùmí sí lọ́tọ̀.

Ní ẹ̀yìn ìlú ni Kati Thanda wà, adágún tí àwọn òyìnbó sọ ní Lake Eyre. Láti 2012 ni orúkọ méjèèjì ti jọ wà nínú ìwé ìjọba. Ojú rẹ̀ fi nǹkan bí mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún relẹ̀ ju ojú òkun lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, iyọ̀ funfun ni ó tẹ́ lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ púpọ̀ ní Queensland, omi a rìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, ẹyẹ omi a sì dé láti ibi gbogbo. Ibi ọ̀wọ̀ ni adágún náà fún àwọn Arabana, ó sì yẹ kí àlejò bèèrè ohun tí ó tọ́ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kàn án.

Ní 1998, awakọ̀ òfurufú kan rí àwòrán ọkùnrin ọdẹ kan tí a fín sórí ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Marree. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lórí rẹ̀ kò lè rí i, láti òkè nìkan ni a ti ń rí i. Ẹni tí ó fín in kò jáde títí di òní. Ìwé tí kò ní òǹkọ̀wé nìyẹn, ó sì dùn mọ́ni pé lórí ilẹ̀ tí orúkọ ti fa wàhálà tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ni kò ní orúkọ olówó rẹ̀ lára.

Mo tún ní láti mẹ́nu kan ohun kan tí a kò lè fi ojú wò, ṣùgbọ́n tí ó ju gbogbo èyí lọ. Ní 2012, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà gbà pé àwọn Arabana ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ baba wọn gẹ́gẹ́ bí òfin ìbílẹ̀ wọn. Ẹ̀rí tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni pé kí àwọn ènìyàn fi hàn pé àjọṣe wọn pẹ̀lú ilẹ̀ náà kò já. Ibi tí orúkọ, ìtàn àti orin ti wúlò ju irin lọ nìyẹn.

9. Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti rìn jìnnà, ó yẹ kí a padà sílé. Irin tóóró bíi ti Marree ni ó gba àárín ìlú wa kọjá. Ní 2021, wọ́n ṣí ojú irin gbígbòòrò láàrin Èkó àti Ìbàdàn, ìbú 1,435 mìlímítà kan náà tí ó dé Marree ní 1957. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí tuntun bá dé, kí ni ó ń di ti àtijọ́? Àwọn wo ni wọ́n la igbó, tí wọ́n gbé irin, tí wọ́n fọ́ òkúta? Orúkọ wo ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pe ọkọ̀, pe ọ̀gá, pe ibi tí wọ́n pàgọ́ sí? Orin wo ni wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n ń gbé irin? Irú ohun bẹ́ẹ̀ kì í sábà wà nínú ìwé ìjọba. Ẹnu àgbà ni ó ń wà, ẹnu àgbà kì í sì í wà títí láé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí iṣẹ́ ìwádìí yín má mọ sórí ìwé tí a ti tẹ̀ nìkan. Ẹ lọ sí ìdí ojú irin. Ẹ jókòó ti àwọn arúgbó. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ bí wọ́n ti pè é, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí r méjì má baà di ẹyọ kan lọ́wọ́ yín.

Ìlú Marree kọ́ wa pé ẹni tí ó tẹ́ irin lè má ní ìpín nínú èrè rẹ̀, òfin lè sé e mọ́ ẹ̀yìn ààlà, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ẹnu ènìyàn, irin a jẹrà kí orúkọ náà tó parẹ́. Àwọn tí wọ́n fi "Ghan" ṣe yẹ̀yẹ́ ti lọ, kò sẹ́ni tí ó mọ orúkọ wọn. Ghan ni ó ṣì ń rìn.